Idán Ni Àbí Ẹ̀rọ? Ìbéèrè Tó Yẹ Ká Máa Bi Ẹni Tó Ń Tajà

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1856, ọkùnrin ará Faransé kan bọ́ sórí ìtàgé nílùú Algiers ní Àlgéríà, níwájú àwọn ìjòyè Lárúbáwá tí ìjọba kó jọ. Jean-Eugène Robert-Houdin ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ aago ló kọ́ kí idán pípa tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní Paris. Ó gbé àpótí kékeré kan kalẹ̀, ó ní kí ẹni tó bá dá ara rẹ̀ lójú jáde wá gbé e. Géńdé kan jáde, ó fi ọwọ́ kan gbé e sókè wẹ́rẹ́. Onídán náà wá na ọwọ́ sí i, ó ní òun ti gba agbára lára rẹ̀, kó tún un gbé. Géńdé fà á títí, ó làágùn, àpótí ò mira. Lójijì ó ké tòò, ara rẹ̀ gbọ̀n, ó ṣubú lórí eékún, ó sì sá jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn.

Òòfà lásán ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Irin wà nísàlẹ̀ àpótí. Lábẹ́ pátákó ìtàgé, wọ́n ti gbé irin mìíràn tí wọ́n fi wáyà yí ká síbẹ̀. Tí iná bátìrì bá wọ inú wáyà yẹn, irin náà á di òòfà, á sì di àpótí mọ́lẹ̀ gírígírí. Tí wọ́n bá pa iná, àpótí á tún fúyẹ́. Igbe tí géńdé ké, iná mànàmáná ló gbé e láti ara ìdìmú àpótí. Kò sì jẹ́ nǹkan tuntun: William Sturgeon, ará Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣe irú òòfà oníná bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ṣáájú.

Ìjọba Faransé ló bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Ipá ni wọ́n fi gba Àlgéríà, ẹ̀rù àwọn àáfà tó ń ṣe ohun ìyanu sì ń bà wọ́n, nítorí àwọn èèyàn ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ wọn láti dìde sí ìjọba. Wọ́n ní kí onídán lọ fi hàn pé tàwọn Faransé ju tàwọn àáfà náà lọ. Ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ̀rù ti ba àwọn tó wòran tán ni wọ́n tó rán ògbufọ̀ láti ṣàlàyé pé ọgbọ́n orí ni, kì í ṣe àwọn ẹ̀mí àìrí.

Ní Paris, eré ni àpótí yìí kan náà. Àwọn èèyàn sanwó, wọ́n wòran, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ sílé. Ní Algiers, ohun ìjà ni. Irin kan náà, wáyà kan náà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ará Paris tó jókòó níbẹ̀ mọ̀ pé òun lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè pé báwo lo ṣe ṣe é, ará Algiers kò lẹ́tọ̀ọ́ yẹn níwájú ẹni tó gba ilẹ̀ rẹ̀.

Ohun tí kò yé wa kò tíì di idán

Arthur C. Clarke, òǹkọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì tó lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ní Sri Lanka, sọ ọ̀rọ̀ kan tí àwọn èèyàn fẹ́ràn gan-an: pé tí ìmọ̀ ẹ̀rọ bá ti jinlẹ̀ dé ibì kan, a ò ní lè yà á sọ́tọ̀ mọ́ kúrò lára idán. Òótọ́ ni tó bá jẹ́ pé ojú nìkan la fi ń wò ó. Ṣùgbọ́n a ní ẹnu tí a fi ń béèrè, a sì ní ọwọ́ tí a fi ń tú nǹkan wò.

Ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn, Heron ti ìlú Alexandria ní Íjíbítì júwe ilẹ̀kùn tẹ́ńpìlì tó ń ṣí fúnra rẹ̀ bí àlùfáà bá dáná sórí pẹpẹ. Afẹ́fẹ́ tó gbóná nínú pẹpẹ ló ń ti omi jáde sínú garawa tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Bí garawa bá wúwo, á fa okùn, okùn á yí òpó ilẹ̀kùn. Olùjọ́sìn tó dúró níta, iṣẹ́ òrìṣà ló rí. Heron kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, okùn àti garawa.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ bí fíríìjì ṣe ń mú omi tutù. Kò séwu níbẹ̀. Oníṣẹ́ fíríìjì tó wà ní ìkóríta mọ̀ ọ́n, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń kọ́ ọ lọ́wọ́, bó bá sì bàjẹ́, wọ́n á tú u, wọ́n á fi ibi tí gáàsì ti ń jò hàn yín. Kò di dandan kó yé èmi. Ó gbọ́dọ̀ lè yé ẹnì kan tí kì í ṣe ẹni tó ń tà á fún mi. Níbi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá sí ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura.

Nígbà tí fóònù alágbèéká GSM dé Nàìjíríà ní 2001, kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ idán fi wọ inú rẹ̀. Ní 2004, ìròyìn gba ìlú kan pé àwọn nọ́ńbà kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá gbé ìpè wọn, ikú ni. Ní 2011 ó tún dé, wọ́n ní nọ́ńbà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 09141 ni. Àwọn iléeṣẹ́ fóònù àti àjọ NCC tó ń bójú tó wọn jáde wá sọ pé kò sí ohun tó jọ ọ́, síbẹ̀ àwọn kan ń pa fóònù wọn. A lè fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù yẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára, kò sì sọ ẹnikẹ́ni di tálákà. Òdìkejì rẹ̀ ló ń pani: kí èèyàn rí ohun tó jọ ẹ̀rọ, kó sì gbà á gbọ́ nítorí pé ó jọ ẹ̀rọ.

Ọ̀pá tó ń wá bọ́ǹbù kiri

Baghdad ni ká lọ tí a bá fẹ́ rí èyí dáadáa. Fún ọdún púpọ̀, àwọn ọlọ́pàá àti ṣọ́jà Ìráàkì ń dúró níbi tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò pẹ̀lú ohun kan lọ́wọ́ tí wọ́n ń pè ní ADE 651. Ìdìmú dúdú kan ni, bíi ti ìbọn ìléwọ́, pẹ̀lú ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dà bí eriali rédíò, tó ń yí sọ́tùn-ún sósì. Kò ní bátìrì. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé iná tó wà lára ẹni tó dì í mú ló ń lò, ìyẹn ni ṣọ́jà ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ máa gbẹ́sẹ̀ sókè sódò lójú kan kó lè "gba iná". Tí ọkọ̀ tó gbé bọ́ǹbù bá ń kọjá, ọ̀pá á yí sí i.

James McCormick, tó ti ṣe ọlọ́pàá rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ń tà á. Ó ní bọ́ǹbù nìkan kọ́, ó ń rí oògùn olóró, eyín erin, àní owó bébà pàápàá, ó sì ń rí wọn láti ọ̀nà jínjìn, gba inú ògiri kọjá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni ẹyọ kan. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 85 dọ́là ni Ìráàkì ná lé e lórí.

Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ohun ìṣeré kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ní ó ń bá èèyàn wá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù tó bá sọnù sínú koríko, tí owó rẹ̀ kò tó 20 dọ́là. Òun ni McCormick rà tó sì lẹ orúkọ tuntun mọ́ kó tó máa ṣe tirẹ̀. Ní 2010, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Cambridge tú káàdì kan tó ń bá ẹ̀rọ yìí rìn wò fún BBC. Irú táàgì pẹlẹbẹ tí ilé ìtajà ńlá ń lẹ̀ mọ́ aṣọ kí olè má bàa gbé e jáde ni wọ́n bá níbẹ̀.

Kí ló wá ń yí ọ̀pá náà? Ọwọ́ ẹni tó dì í mú ni. Iṣan ọwọ́ máa ń mira fẹ́ẹ́rẹ́ láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀, pàápàá bí ọkàn rẹ̀ bá ti ń fura sí ibì kan, ọ̀pá tí kò ní ìdákọ̀ró á sì yí síbi tí ọkàn lọ. Àwọn tó ń fi ẹ̀ka igi wá omi abẹ́ ilẹ̀ ní Yúróòpù ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣọ́jà náà kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó dá a lójú pé irin ló ń dá yí, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kí ìtànjẹ náà lágbára tó bẹ́ẹ̀: olóòótọ́ èèyàn ló dì í mú.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 2009, bọ́ǹbù inú ọkọ̀ méjì bú gbàù láàárín Baghdad, àwọn tó lé ní 150 kú. Wọ́n ti gbé wọn kọjá lójú àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni oníròyìn ará Amẹ́ríkà kan bi Ọ̀gágun Jihad al-Jabiri, ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù ní Ìráàkì, léèrè nípa ẹ̀rọ yìí. Èsì rẹ̀ ni pé yálà idán ni o, yálà sáyẹ́ǹsì ni o, ohun tó kan òun ni pé ó ń rí bọ́ǹbù.

Mo ti ka ọ̀rọ̀ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, mi ò sì rí ibi tó ti burú nínú ara rẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ìlú kò nílò kó mọ ìwé kó tó mọ ohun tó ń ṣiṣẹ́. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé kò tíì fi hàn pé ó ń rí bọ́ǹbù rárá. Ìdánwò rẹ̀ kò gbà ju ọjọ́ kan lọ: ẹ to àpótí mélòó kan, ẹ fi bọ́ǹbù sínú ọ̀kan, kí ẹni tó mú ọ̀pá lọ́wọ́ má mọ èwo ni, kí ẹni tó dúró tì í náà má mọ̀. Wọ́n ṣe é ní Tàílándì ní oṣù Kejì ọdún 2010 fún GT200, ọmọ ìyá ẹ̀rọ yìí, tí ará Gẹ̀ẹ́sì mìíràn ń tà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ló gbà á nínú ogún. Ẹni tó kàn ń méfò lásán lè rí iye yẹn.

Ilé ẹjọ́ ní London rán McCormick lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá ní 2013. Ọ̀gágun náà ti wà lẹ́wọ̀n nígbà yẹn ní tirẹ̀, wọ́n ní ó gba rìbá. Ẹ gbọ́ èyí tó kù o: ọ̀pá náà ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ṣọ́jà lójú pópó Baghdad títí di oṣù Keje ọdún 2016, lẹ́yìn tí bọ́ǹbù kan ní àdúgbò Karrada pa èèyàn tó lé ní 300, kí olórí ìjọba Haider al-Abadi tó pàṣẹ pé kí wọ́n kó o kúrò. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹni tó tà á ti wọ ẹ̀wọ̀n!

Ẹ̀rọ tó ń ka gbogbo ara

Ìṣègùn ni pápá tí àwọn oníṣòwò irú èyí fẹ́ràn jù, nítorí aláìsàn kì í lágbára àtijiyàn.

Nígbà tí Marie àti Pierre Curie rí radium ní 1898, ohun ìyanu gidi ni: òkúta tó ń tan ìmọ́lẹ̀ láìsí ẹni tó dáná sí i. Kò pẹ́ tí àwọn kan ní Amẹ́ríkà fi bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó mọ́ omi, tí wọ́n ń tà á fún ẹni tó ń wá okun. Radithor ni wọ́n ń pe ọ̀kan nínú wọn. Eben Byers, olówó kan tó mọ gọ́ọ̀fù gbá, mu nǹkan bí 1,400 ìgò. Egungun àgbọ̀n rẹ̀ jẹrà, ó sì kú ní 1932. Ẹ ṣàkíyèsí pé radium kì í ṣe ayédèrú. Ó wà nínú omi náà lóòótọ́. Irọ́ ni ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe.

Ní ayé tiwa, iléeṣẹ́ Theranos ní Amẹ́ríkà ló tún dé. Elizabeth Holmes dá a sílẹ̀ ní 2003, ó ní ìkán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti orí ìka tó láti ṣe ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò. Iléeṣẹ́ náà tó bílíọ̀nù 9 dọ́là lójú àwọn tó kówó sí i, láìsí pé ọ̀pọ̀ wọn ní kí àwọn rí ẹ̀rọ náà kó ṣiṣẹ́ níwájú ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ní 2022, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi jìbìtì, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún mọ́kànlá àti díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wálé. Lọ́jà, ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì, níbi ìpàdé ẹgbẹ́, ẹ ó rí àwọn ọmọ olóhùn dídùn pẹ̀lú kọ̀ǹpútà alágbèéká, tí wọ́n á ní àwọn ń ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́. Wọ́n á fi ọ̀pá irin kékeré kan sí yín lọ́wọ́, wọ́n á ní kí ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú kan. Kọ̀ǹpútà á pọ ìwé jáde: ẹ̀dọ̀ki, kíndìnrín, ojú, egungun, ilé ọmọ, gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé. Ẹ̀yin tí ẹ wá ra tòmátì ti di aláìsàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fa àpò yọ láti abẹ́ tábìlì, oògùn tó ń wo ohun tí ìwé náà kọ wà nínú rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà.

Kò sí ohun tí irin tí a dì mú lọ́wọ́ lè mọ̀ nípa kíndìnrín. Ohun tó pọ̀ jù tó lè wọ̀n ni iná kékeré tó ń gba awọ ara kọjá, òógùn àtẹ́lẹwọ́ nìkan sì tó láti yí ìyẹn padà. Ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ni dókítà fi ń yẹ kíndìnrín wò. Ìkán ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ìtọ̀ ṣúgà. Tí ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí i, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò, kí ẹ jáde, kí ẹ tún padà wá lẹ́yìn ìdajì wákàtí pẹ̀lú orúkọ mìíràn àti ọjọ́ orí mìíràn, kí ẹ wá fi ìwé méjèèjì wé ara wọn. Wọn ò ní fẹ́ gbà fún yín. Kíkọ̀ tí wọ́n kọ̀ ti tó bí èsì.

Ẹ fi èyí wé ọ̀rọ̀ X-ray. Ní ìparí ọdún 1895, Wilhelm Röntgen ní Jámánì rí ìtànṣán tó ń fi egungun hàn láìla ẹran ara. Ta ni yóò gbọ́ bẹ́ẹ̀ tí kò ní sọ pé àjẹ́ ni? Ṣùgbọ́n Röntgen kọ bó ṣe ṣe é sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò gba ìwé àṣẹ tí yóò fi dá a ní. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí lórílẹ̀-èdè púpọ̀ ti ń fi ohun èlò tiwọn rí egungun tiwọn. Ohun tó jọ idán jù lọ ní ọ̀rúndún yẹn ni ẹnikẹ́ni kò lè pè ní idán mọ́ kí oṣù méjì tó pé.

Nígbà tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́

Kì í ṣe ẹni tó ra ayédèrú nìkan ló ń pàdánù. Bí a bá pe iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ní awo tí kò ṣeé mọ̀, ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà la fi ń jẹ. Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀ ní 1910. Ó rí àwọn orí tí wọ́n fi amọ̀ àti idẹ mọ, ẹwà wọn sì kọjá ohun tó rò pé èèyàn dúdú lè ṣe. Dípò kó béèrè bí wọ́n ṣe ń rọ idẹ, ó ní àwọn ará Atlantis, ilẹ̀ inú ìtàn àwọn Gíríìkì tí òkun bò mọ́lẹ̀, ló gbọ́dọ̀ ti débẹ̀ rí. Àwọn tó béèrè nípa iṣẹ́ ọwọ́ Ifẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ló rí ìdáhùn, irú bíi ti gíláàsì. Ní Igbó Olókun, Abídèmí Babátúndé Babalọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlẹ̀kẹ̀ àti àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ gíláàsì jáde nílẹ̀. Wọ́n yẹ èròjà inú wọn wò, ó sì hàn pé Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣe gíláàsì náà láti ara ohun tó wà lágbègbè ibẹ̀, láàárín bí ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Iná, yanrìn àti ọgbọ́n àwọn baba wa ni.

Nítorí náà, ẹ má ṣe gbọ́ ìkìlọ̀ yìí bí ẹni pé ó ń bú egbòogi. Ewé kan tí àwọn ará Ṣáínà ti ń lò fún ibà láti ayébáyé ni Tu Youyou yẹ̀ wò tó fi yọ artemisinin jáde, oògùn ibà tí gbogbo wa ń lò báyìí. Ẹ̀bùn Nobel ni wọ́n fún un ní 2015. Oníṣègùn tó bá mọ̀ pé àgbo òun ń ṣiṣẹ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ ní kí wọ́n wá dán an wò.

Ohùn ọmọ yín lórí fóònù

Ní ti òye àtọwọ́dá tí wọ́n ń pè ní AI, èyí tó ń fọ̀ bí èèyàn lónìí, ìyanu ibẹ̀ kì í ṣe ẹ̀tàn. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn kọ, tí kò lóǹkà, kọ́ ọ títí tó fi lè méfò ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tẹ̀ lé èyí tó ṣáájú. Ìwà tiwa la gbọ́dọ̀ ṣọ́ níbẹ̀. Ní 1966, Joseph Weizenbaum ní Amẹ́ríkà ṣe ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan, ELIZA, tí kò mọ̀ ju kó yí ọ̀rọ̀ ẹni padà sí ìbéèrè lọ. Akọ̀wé rẹ̀, tó mọ̀ pé ọ̀gá òun ló ṣe é, bẹ ọ̀gá náà pé kó jáde kúrò nínú yàrá, kí òun lè bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀ àṣírí. Bí ohun kan bá ti dá wa lóhùn, kíá la máa ń fún un ní ọkàn.

Ohùn náà ti di ohun tí a lè dà kọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, Microsoft fi ẹ̀rọ kan hàn tó lè sọ̀rọ̀ ní ohùn ẹnikẹ́ni tó bá ti gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Fídíò ọjọ́ ìbí tí ẹ gbé sórí WhatsApp gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ Arup kan ní Hong Kong wọ ìpàdé orí fídíò, ó rí ọ̀gá rẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ní kó san owó, ó san án. Mílíọ̀nù 200 dọ́là Hong Kong ló lọ. Gbogbo ojú tó rí yàtọ̀ sí tirẹ̀ ni ẹ̀rọ ṣe.

Ní ọ̀dọ̀ wa, tí àwọn oníjìbìtì bá pe èèyàn tí onítọ̀hún sì ka nọ́ńbà àṣírí báńkì rẹ̀ fún wọn, ohun tó máa ń sọ lẹ́yìn náà ni pé wọ́n fi nǹkan mú òun, pé ojú òun ṣú. Mi ò sọ pé irọ́ ló ń pa. Bó ṣe rí lára rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí oníjìbìtì ń ṣe hàn gbangba. Ó mọ orúkọ yín àti báńkì yín kó tó pè, ó dẹ́rù bà yín pé àkáǹtì yín ti fẹ́ tì, kò sì jẹ́ kí ẹ mí. Ẹni tí kò ráyè ronú ni ojú rẹ̀ ń ṣú. Ó sì dùn mọ́ oníjìbìtì pé ká máa pè é ní oògùn, nítorí ẹni tó gbà pé oògùn ni kì í pe báńkì, kì í lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ilé aláàdúrà ló ń gbà lọ, owó á sì ti rìn jìnnà.

Rọ́bọ́ọ̀tì tó ń sọ owó di méjì

Àtijọ́ ni wọ́n ń gbé bébà dúdú àti omi oògùn wá, tí wọ́n ní àwọn ń fọ owó. Lónìí, AI ni wọ́n ní ó ń ṣe é. Iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ CBEX ṣèlérí pé òye àtọwọ́dá òun ń ra kírípítò, ó ń tà á, á sì sọ owó yín di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, kò sẹ́ni tó rí owó gbà jáde mọ́. Ní Ìbàdàn, àwọn èèyàn já wọ ọ́fíìsì wọn ní Òkè-Àdó, wọ́n kó àga àti ẹ̀rọ amúlétutù. Àjọ SEC tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò ní iléeṣẹ́ náà kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Ètò tí wọ́n ń pè ní MMM ti ṣe irú rẹ̀ fún wa ní 2016 pẹ̀lú ìlérí èrè ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù.

A ò nílò láti mọ AI ká tó mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ mú 100,000 náírà, kí ẹ sọ ọ́ di méjì lóṣooṣù. Nígbà tí ọdún kan bá fi pé, á ti di 409,600,000 náírà. Ọdún kan sí i, á ti kọjá tírílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Ẹni tí ó ní rọ́bọ́ọ̀tì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí ló fẹ́ fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún yín ṣe?

Ibi tó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, Abẹ́òkúta ni. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, ọwọ́ ọlọ́pàá tẹ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó pa ọmọbìnrin kan, tí wọ́n ń sun orí rẹ̀ nínú ìkòkò láti fi ṣe oògùn owó. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé orí Facebook ni òun ti wá bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọmọ yẹn mọ fóònù lò jù mí lọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ pé fóònù kì í yẹ ọ̀rọ̀ wò kó tó gbé e fúnni, pé ohun tí ẹnikẹ́ni bá kọ síbẹ̀ náà ló ń fi hàn.

Ohun tí a lè béèrè

Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé: ta ló ti dán an wò tí kì í jẹ nínú owó rẹ̀? Níbo ni mo ti lè rí ẹni náà? Ìgbà wo ni kì í ṣiṣẹ́? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí lágbára. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ gidi mọ ibi tó ń kù díẹ̀ káàtó sí, á sì sọ ọ́ fún yín kí ẹ má bàa bà á jẹ́. Ẹni tó ní tòun kì í kùnà rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde. Tó bá sì ní ìgbàgbọ́ yín ni kò tó tí kò fi ṣiṣẹ́, ẹ máa sáré.

Bíbéèrè kì í ṣe àrífín. Mo mọ̀ pé ó máa ń nira fún wa láti bi àgbà tàbí aláṣọ ńlá léèrè níwájú àwùjọ. Ẹ béèrè ní kọ̀rọ̀, ẹ kàn má sanwó kí ìdáhùn tó dé.

Bí ẹ bá gbọ́ ohùn ọmọ yín lálẹ́ òní pé òun wà nínú wàhálà, pé kí ẹ fi owó ránṣẹ́ ní kíá sí àkáǹtì ẹlòmíràn, ẹ pa ìpè náà, kí ẹ fi nọ́ńbà tí ẹ ti ní lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ pè é padà. Ẹ bá àwọn ará ilé fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ kan tí ẹni tó bá ń béèrè owó gbọ́dọ̀ sọ, kí ẹ má sì kọ ọ̀rọ̀ náà sórí ẹ̀rọ kankan. Bí owó bá sì ti lọ, ẹ má jókòó ti ìtìjú: ẹ pe báńkì yín ní wákàtí yẹn gan-an, lẹ́yìn náà kí ẹ lọ fi ẹjọ́ sun ọlọ́pàá tàbí EFCC.